Ọjọ́ Tí Mo Pariwo Iná

Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, ọmọ mi, má fi Gẹ̀ẹ́sì tún un ṣe. Bàbá àgbà ń gbọ́ wa lórí àga rẹ̀ yẹn. Tí mo bá bù mọ́ ọn, yóò wúkọ́.

Ilé alájà tí à ń gbé ní Enugu Road ní Kano níbí yìí, àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ló ní. Orí rẹ̀ ni oníkálukú ń to kẹ́ẹ̀gì omi sí nígbà náà, débi pé ẹni tó bá ń sọ̀kalẹ̀ á máa gbẹ́sẹ̀ bí àkùkọ tó tẹ ẹrẹ̀. Abẹ́ àtẹ̀gùn ni obìnrin Ìlọrin tó ń ta ìrẹsì ti ń fi èédú dáná, ó sì kó àpò ìrẹsì tó ti ṣófo jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. A máa ń bá a wí. A sì máa ń jẹ ìrẹsì rẹ̀.

Ìgbà ooru ni. Wọn ò mú iná wá fún bí ọjọ́ mélòó kan. Bàbá àgbà jókòó sókè, ó kọjú sí fáànù tí kò yí bí ẹni ń retí àlejò. Orúnkún ń dùn ún, kò lè sáré. Ibi tí mo ti ń sá ata nísàlẹ̀ ni mo ti rí èéfín. Èédú ti ta sí àpò.

Mo figbe ta: "Iná! Iná o!"

Dípò kí àwọn ará ilé sá jáde, ńṣe làwọn tó wà níta ń sá wọlé, ṣájà fóònù lọ́wọ́ wọn. Bàbá àgbà dáhùn látòkè: "Ìyá wọn, o ṣeun o! Mo ti tẹ fáànù, kò mà yí!"

"Bàbá, iná ni mo ní!"

"Mo gbọ́! Bóyá kò lágbára ni!"

Èyí tó ní kò lágbára ti ń gun àtẹ̀gùn lọ bá a.

Télọ̀ Háúsá tó ń ránṣọ lẹ́nu ọ̀nà yọjú. Lédè tiwọn, "níbo" ni "ina". Ó rò pé mò ń wá nǹkan. Ó ní, "Ina me, Mama?" bí ẹni ń béèrè pé níbo ni kí ni wà. Mo nawọ́ sábẹ́ àtẹ̀gùn. Ó wò ó, ó pariwo: "Gobara!"

Háà! Ẹni tó bá ti tajà rí ní Kano, tó mọ bí ọjà ṣe ń jó, kì í béèrè ìtumọ̀ gobara. Ilé dà síta. Ọkọ tí mo fi Yorùbá pè tí kò dìde, Háúsá télọ̀ ló gbé e dìde! Ó yọ nínú èéfín, ó gbá fáànù mọ́ àyà. Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ mi, kò gbá mi mọ́ra báyẹn rí.

Ó ti wúkọ́. Kọ ọ́ síbẹ̀.

Ó yẹ kẹ́ẹ̀gì kan, ó kọsẹ̀ lára èkejì, ó fì. Mo ní mo ti di opó. Télọ̀ ti fò gòkè, ó gbá a mú níbàdí tòun ti fáànù, ó gbé e sọ̀kalẹ̀. Omi inú àwọn kẹ́ẹ̀gì náà la wá dà lé iná títí ó fi kú. Bàbá àgbà nu ojú rẹ̀, ó bi mí pé: "Ṣé wọ́n ti tún mú un lọ ni?"

Kò sí kẹ́ẹ̀gì lórí àtẹ̀gùn mọ́. Onírẹsì ti gbé ààrò rẹ̀ lọ sẹ́yìnkùlé. Gbogbo ilé sì fẹnu kò: èyí tó ń jóni, gobara, èyí tó ń yí fáànù, láìtì.

Ṣùgbọ́n ahọ́n àgbà kì í tètè yí. Lánàá mo tún ṣèèṣì pariwo pé iná dé. Bàbá àgbà ò tẹ fáànù. Ó fi ọ̀pá rìn dé orí àtẹ̀gùn, ó bẹ ìsàlẹ̀ wò, ó fa imú.

"Ìyá wọn, ṣé èyí tí à ń jókòó dè ni, àbí èyí tí à ń sá fún?"