Ọmọ Tó Kúnlẹ̀ Níwájú Bàbá

Ẹnu mi kì í sinmi, gbogbo ilé wa ní Eastbury nílùú òyìnbó ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán Sátidé tí ọmọbìnrin Bòlífíà tó ń gbé yàrá òkè wa gbé kọ́kọ́rọ́ ilé lé tábìlì ìdáná mi, mo fa àga, mo jókòó gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Iṣẹ́ dókítà ló ń kọ́. Ìyá rẹ̀ ń gbá ọ́fíìsì, ọmọ náà ló sì máa ń bá a túmọ̀ ọ̀rọ̀ dókítà sí èdè Sípéènì láti kékeré. Ìdí tó fi yan iṣẹ́ náà nìyẹn. Ó wá ní tí àwọn bá dé wọ́ọ̀dù, ẹ̀yìn lòun máa ń dúró sí, ohùn òun kì í jáde. Ọmọ dókítà làwọn ẹgbẹ́ òun, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

“Auntie, it's not for people like us,” ló wí. Tó bá di Mọ́ńdè, òun ń padà sílé ìyá òun, ó parí.

Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì tún bí mi. Mo ní kó kàn tẹ̀lé mi lọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la, kí wọ́n gbàdúrà fún un ká tó pínyà. Ó gbà, bóyá torí kí n lè fi í sílẹ̀.

Ìjọ aláṣọ funfun ni wá. Ilé ìkẹ́rùsí kan nítòsí Dagenham Dock la ń lò, a kì í sì í wọ bàtà wọ inú rẹ̀. Ọmọ náà bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú wa. Nígbà tí ìsìn parí, mo mú un lọ sọ́dọ̀ Bàbá, àgbà ìjọ wa tó wa tírélà títí ó fi fẹ̀yìn tì. Kí n tó la ẹnu, ọmọ ti kúnlẹ̀.

Háà, inú wa dùn! “Ẹ wo ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́!” ni ìyá kan wí lẹ́yìn mi. Bàbá gbé ọwọ́ lé e lórí. “God bless you, my daughter. Wàá dàgbà, wàá gbayì, ojú ò ní tì ẹ́ láéláé.” À ń ṣe àmín kíkan kíkan. Àdúrà tán, ọmọ ò dìde. Mo rọra fọwọ́ kàn án léjìká pé ìkíni náà ti tó.

“Auntie, look at his foot.”

Ìgbà yẹn ni mo tó wo ẹsẹ̀ tí mo ti ń rí ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Egbò dúdú kan wà lábẹ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ Bàbá, ó sì jìn.

“E no dey pain me at all,” ni Bàbá wí. Ọmọ ní ohun tó ń ba òun lẹ́rù gan-an nìyẹn, àìsàn ṣúgà lè mú kí ẹsẹ̀ má mọ ìrora mọ́, ó sì gbọ́dọ̀ dé hòsípítù lónìí.

Bàbá kọ̀ jálẹ̀. “Ṣé kí àwọn dókítà tún máa wo computer dípò èmi? Ó ti sú mi.”

Ọmọ tí ohùn rẹ̀ kì í jáde ní wọ́ọ̀dù wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ náà lé àtẹ́lẹwọ́, ó ń bi Bàbá ní ìbéèrè, ó ń dúró gbọ́ ìdáhùn, ó ń ṣàlàyé. Kò kánjú rárá. Bàbá gbọ́ ọ títí ó fi parí.

“You go follow me? Tí o ò bá lọ, èmi náà ò lọ o.”

Ọmọ wò mí. Mo pa ẹnu mi mọ́, ẹ bá mi dúpẹ́. “I'll come,” ló wí.

Wọ́n dá Bàbá dúró sí hòsípítù. Wọ́n gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò lọ.

Ní Mọ́ńdè, ọmọ náà ti hòsípítù dé, ó jókòó tì mí ní ìdáná. Ó ní Bàbá ń sọ fún gbogbo nọ́ọ̀sì pé dókítà òun ti dé. “I told him I'm just a student, Auntie. He won't listen.” Ó nawọ́ mú kọ́kọ́rọ́ lórí tábìlì, ó fi í sápò, ó ní ṣé ìrẹsì ṣì kù.