Ìrọ̀lẹ́ Tí A Kọ́ “Put On”

“Put on the lamp!”

Mo ṣá ìṣáná, ó kú. Mo ṣá òmíràn. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n gbé ìyá mi wọ takisí lọ sí ilé ìwòsàn ní Yemẹtu. Ó di ikùn mú, kò lè sọ̀rọ̀. Bàbá mi bá a lọ. Wọ́n fi èmi àti àbúrò mi ọkùnrin sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àgbà kan ní ojúlé kejì sí tiwa, ní Bẹyẹrúnkà. Tíṣà ni kó tó fẹ̀yìn tì. Nírọ̀lẹ́, ó máa ń kọ́ àwa ọmọ àdúgbò ní Gẹ̀ẹ́sì.

“Màmá, ṣé ìyá mi ò ní kú?”

“Ta ló bi ọ́ nípa ikú? Kí lo ṣe sí àtùpà yẹn?”

“Mo tàn án, mà.”

“Ó dáa. Put on the kettle.”

Mo gbé kẹ́tùlù kaná. Òórùn kẹrosín-ìn gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan. Ó ní kí n wọ aṣọ tó mọ́, put on náà ni. Ó ní kí àbúrò mi dé fìlà, put on náà ni.

“Òyìnbó mà ya ọ̀lẹ o, Màmá,” ni àbúrò mi wí. “Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo ẹ̀!”

“Ìwọ tí o kì í ṣe ọ̀lẹ, orí lo dé fìlà sí yẹn ni, àbí imú?”

Ó rẹ́rìn-ín títí. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà náà wé gèlè, ó tú u, ó tún un wé. Ẹnu rẹ̀ ń sọ “put on”, ṣùgbọ́n títì ló ń wò, níbi tí iná ọkọ̀ ti ń sọ̀kalẹ̀ láti Mápó.

Wọ́n pe ìrun Màgáríbì. Omi ń hó.

“Put on your shoes,” ó wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

A ti wọ bàtà tán, àbúrò mi wọ tiẹ̀ ní òdì, nígbà tí bàbá mi bẹ́ sílẹ̀ nínú takisí.

“Ìyá wọn ti bí o! Ó ń béèrè àwọn ọmọ, ó sì ń fẹ́ omi gbígbóná!”

Ìyá àgbà náà da omi sínú filáàsì, a wọkọ̀. Ó di ọwọ́ mi mú. Kò fi í sílẹ̀ títí a fi dé Yemẹtu.

Ìgbà tí mo di abiyamọ ló tó yé mi. Ìròyìn yòówù tí ì bá wọlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ì bá bá wa nínú aṣọ tó mọ́, pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀.

Ọmọ mi obìnrin lọ sí lẹ́sìn tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn ilé ìwé ní Òkè-Àdó lónìí. Ó yẹ kó ti dé. Mo pè é, fóònù rẹ̀ ò lọ. Mo ti tan iná ìta, mo ti gbé omi kaná. Mo wé gèlè, mo tú u, mo tún un wé. Bí ó bá wọlé, yóò wo bàtà lẹ́sẹ̀ mi, yóò ní, “Mọ́mì, níbo lẹ tún ń lọ?”

N óò ní mi ò lọ síbì kankan. N óò wá bọ́ bàtà.