Ìdọ̀bálẹ̀ Aṣojú

Onínúfùfù ni mí nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ nílé búrẹ́dì kan ní Ìkàrẹ́. Ìyẹn gan-an ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ṣe fi mí ṣe aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Wọ́n rò pé ẹni tó tètè ń bínú ló mọ ọ̀rọ̀ ọ́ sọ.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọ ẹgbẹ́ náà ni. Olóyè ẹgbẹ́ kan wá bá wa, ó pín fọ́ọ̀mù, ó ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ó ṣàlàyé pé òfin fún wa láyè láti wọ ẹgbẹ́, àti pé bí ọ̀gá bá fẹ́ ka ẹ̀ṣẹ̀ sí ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀, aṣojú lè tẹ̀ lé onítọ̀hún wọlé lọ bá ọ̀gá. Màmá kan tó ń bá wa po fúláwà ló kọ́kọ́ buwọ́ lùwé. Ará Ọ̀kà ni, opó ni, iṣẹ́ yìí ló sì fi ń tọ́ ọmọ mẹ́ta. Nígbà tó máa di ọjọ́ kejì, Alhaji tó ni ilé búrẹ́dì ní kó máa lọ sílé, pé òun ò lè máa bọ́ ọlọ̀tẹ̀.

Mo há gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ sórí. Àmọ́ bí èmi àti Màmá ṣe wọ ọ́fíìsì tí mo sì fojú kan bàbá náà, ẹ̀kọ́ ilé borí ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, fúláwà ilẹ̀ kún mi nímú. Alhaji rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní òun ti gba ẹ̀bẹ̀ wa, òun ti dárí ji Màmá. Kí Màmá ṣáà lọ gba fọ́ọ̀mù rẹ̀ padà, kó máa bá iṣẹ́ lọ.

Ojú tì mí gan-an. Mo wá ìbínú mi tì. Màmá ti fẹ́ dúpẹ́, torí ó ń ro ti àwọn ọmọ. Bó bá sì dúpẹ́, ó ti gbà pé òun jẹ̀bi nìyẹn. Orí ilẹ̀ níbẹ̀ ni mo ti sọ̀rọ̀.

"Ẹ má bínú, Alhaji. N ò bẹ̀bẹ̀ o. Mo kí yín ni, torí pé ẹ jù mí lọ. Màmá ò ṣẹ̀ yín, fọ́ọ̀mù yẹn ò sì ní padà."

Ni mo bá sín lẹ́ẹ̀mẹta. Alhaji yíjú sí Màmá, ó bi í bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Màmá rọra kúnlẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Èmi náà, mo kí yín ni."

Alhaji wo ìta. Gbogbo òṣìṣẹ́ yòókù ti káwọ́ gbera, fúláwà pípò sì ti wú kọjá ẹnu ọpọ́n. Ó mi orí, ẹ̀rín sì pa á. Ó ní kí Màmá yáa padà sẹ́nu iṣẹ́ kí fúláwà tó kan.

Màmá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí àbíkẹ́yìn rẹ̀ fi jáde ilé ìwé. Ní tèmi, bí mo bá ti dọ̀bálẹ̀ láàárọ̀, Alhaji á kọ́kọ́ bi mí bóyá ìkíni ni àbí ẹ̀bẹ̀.

"Ìkíni ni, sà."

"Ó dáa. Dìde."