Awò Idẹ Tí Bàbá Mi Tà

Bí òjò bá ti ṣú n'Ìwó, inú tèmi a dùn. Ẹ má bá mi wí. Máíkíróskóòpù àtijọ́, awò tó ń sọ ohun tíńtín di ńlá, ni bàbá mi fi ń wo kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀. Idẹ ni wọ́n fi ṣe é, kò sì ní iná lára. Dígí kékeré kan ló wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn lójú fèrèsé. Bí ojú ọjọ́ bá ti dúdú, iṣẹ́ parí nìyẹn. Mà á ti láàbù wa tí a ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, mà á gun ọ̀kadà, ó di ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi n'Ílé-Ogbó.

Ọjọ́ tí oòrùn bá ràn ni mo kórìíra. Ojú bàbá mi ti di bàìbàì, èmi nìkan ló kù tó lè wò ó. Iṣẹ́ ọsibítù jáde fún mi n'Íbàdàn, bàbá mi ní, "Ta ni yóò wá máa wo awò yìí?" Àánú wọn ṣe mí, inú sì bí mi. Mo jókòó tì wọ́n n'Ìwó.

Wọ́n fín orúkọ òyìnbó tó ṣe é sára idẹ náà. Bí bàbá mi bá kírun tán, wọn a dárúkọ rẹ̀ nínú àdúà, pé kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Èmi a rọra sọ nínú mi pé, "O ti kú tipẹ́, ìwọ ọkùnrin yìí, o sì tún dè mí mọ́lẹ̀."

Nígbà tí ọkùnrin kan tó ń ra ohun àtijọ́ dé láti Èkó, mo yin awò náà títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi. Mo rò pé bàbá mi á kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n fọwọ́ pa idẹ náà lára, wọ́n ní, "Ẹ máa gbé e lọ." Háà! Mo sáré wọ yàrá, mo fa báàgì jáde, mo ń ká aṣọ. Ìbàdàn yá!

Ọ̀sẹ̀ yẹn ò tíì parí tí bàbá mi fi pè mí sí láàbù. Awò tuntun ló wà lórí tábìlì, ó ní gílóòbù tirẹ̀, sólà ló ń gbé e. "Òjò ò lè dí ẹ lọ́wọ́ mọ́, ọmọ mi. Kódà, o lè ṣiṣẹ́ lóru."

Mo wá orúkọ ẹni tó ṣe é, mi ò rí i. Àmọ́ alágbẹ̀dẹ wúrà ti fín nǹkan sára irin rẹ̀. "Kà á sókè," ni bàbá mi wí, ẹ̀rín kún ẹnu wọn.

Orúkọ mi ni.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ ó pẹ́ fún wa." Òjò ń rọ̀ gan-an níta, ẹni tó fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò sì ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì.