Ojú Ajá Tí Bàbá Mi Fi Sílẹ̀

Ajá tí bàbá mi fi sílẹ̀ kì í ṣe ajá ọdẹ, kì í sì í ṣe ajá olówó. Abo ajá pupa kan ni, tí etí rẹ̀ kan ti ya níbi ìjà, tó máa ń tẹ̀ lé bàbá lọ sí oko káṣú wa lójú ọ̀nà Ògìdì. Lọ́jọ́ tí bàbá ṣubú lóko, òun nìkan ló dá wálé lọ́sàn-án. Kò wọ inú ọgbà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbó, ó ń rìn lọ díẹ̀, ó tún ń yíjú padà wo màmá mi bóyá wọ́n ń bọ̀. Màmá gbé ọbẹ̀ kúrò lórí iná, wọ́n tẹ̀ lé e. Abẹ́ igi káṣú ni wọ́n ti bá bàbá, tí ẹ̀mí ṣì wà lára wọn. Kí mọ́tò tó dé láti gbé wọn lọ sílé ìwòsàn ní Kàbà, àwọn méjèèjì ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ, màmá ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú àwa ọmọ. Bàbá kú kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo padà sí Lọ́kọ́jà níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́. Ó wá ku màmá àti ajá nínú ilé.

Ọdún ń gorí ọdún. Irun ẹnu ajá náà funfun, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀. Nígbà ọyẹ́ kan tí mo wálé, ajá tó máa ń sáré pàdé mi kí mọ́tò tó dúró kò dìde. Ìgbà tí mo pè é ló tó gbórí sókè, tó ń fi imú wá mi kiri. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbá orí rẹ̀ mú. Àárín ojú rẹ̀ méjèèjì ti ṣe bàìbàì, bí ìgbà tí èéfín bá bo gíláàsì àtùpà.

"Màmá, kí ló ṣe ojú ajá yìí?"

"Ọjọ́ orí ni. Ṣé bí tèmi náà ṣe rí kọ́ nìyẹn kí wọ́n tó ṣe é?"

Òótọ́ ni. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún màmá rí, ìgò oògùn ojú wọn sì ṣì wà lórí fèrèsé.

Àlájà tó ń dín màsà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ló yọjú láti orí ògiri. Nítorí aṣọ ìrun wọn, wọn kì í jẹ́ kí ajá náà fara kàn wọ́n, ṣùgbọ́n kò sí àárọ̀ kan tí wọn kì í ju màsà sí i.

"Okun o, ará Lọ́kọ́jà," ni wọ́n fi kí mi. "Màmá rẹ ò ní sọ fún ọ. Ajá yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ iná mi lọ́jọ́sí. Ọ̀kánkán iná ló ń bọ̀, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níwájú rẹ̀. Ìgbálẹ̀ ni mo fi dá a padà. Ẹ gbé e lọ fún dókítà ẹran."

"Dókítà tí yóò wá ní kí n ra awò ojú fún ajá?" ni màmá dáhùn. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìsinmi parí, mo padà sẹ́nu iṣẹ́.

Òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀ nígbà tí ìpè màmá wọlé. Ohùn wọn ti yàtọ̀.

"Ojú rẹ̀ kan ti pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ó ń fi orí ti ògiri. Kò jẹun."

"Kí lẹ fi sí i?"

"Mo kán oògùn ojú mi tó ṣẹ́ kù sí i. Ń ṣe ló burú sí i."

Nígbà tí mo dé, ẹ̀yìn ìkòkò omi ni mo ti bá a, níbi tó ṣókùnkùn. Ojú náà ti yọ síta, ó ti di aláwọ̀ aró, omi ń ṣàn lára rẹ̀. Bí mo ṣe na ọwọ́ sí i, ó pariwo. Ajá tí mo mọ̀, tí ìjà fa etí rẹ̀ ya, mi ò gbọ́ kó sunkún rí.

Kẹ̀kẹ́ tí a kọ́kọ́ dá dúró kọ̀ láti gbé e. Màmá tú ìborùn wọn, wọ́n fi wé ajá náà bí ẹní wé ọmọ tuntun, wọ́n gbé e sí àyà. Oníkẹ̀kẹ́ kejì wò wọ́n, ó ní ká wọlé.

Ewúrẹ́ àti adìyẹ ló kún iwájú ilé ìwòsàn ẹran lọ́jọ́ náà. Nígbà tí dókítà, obìnrin kan tó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, rí ojú ajá wa, ó ní kí àwọn yòókù jọ̀ọ́ fún wa láyè. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú méjèèjì. Ó ju òwú fúlẹ́fúlẹ́ sílẹ̀ níwájú ojú tó wú náà láti mọ̀ bóyá yóò fojú bá a lọ. Ajá kò mira. Ó wá rọra fi ìka kan ìpéǹpéjú ibi tó wú, ó fi kan èkejì, ó sì pe màmá.

"Màmá, ẹ fọwọ́ kàn án jẹ́jẹ́. Ẹ wo bó ṣe le."

"Ó le bí òkúta."

"Omi máa ń wọ inú ẹyinjú, ó sì máa ń jáde. Ibi tó ń gbà jáde ló ti dí, omi wá ń ti ojú náà láti inú. Ẹ rántí orí fífọ́ tó burú jù tó ṣe yín rí. Ohun tó ń bá a fà tọ̀sán-tòru nìyẹn."

"Ṣé yóò tún fi ríran?"

"Rárá, Màmá. Ojú yìí ti kú. Ká ní lọ́jọ́ tó pọ́n gan-an lẹ gbé e wá, bóyá là bá rí nǹkan ṣe."

"A rò pé ọjọ́ orí ni," ni màmá wí.

Dókítà kò bá wa wí. Ó ní òmíràn wà tó jẹ́ ọjọ́ orí lóòótọ́: ojú ajá àgbà á kàn ṣe bí èéfín díẹ̀, á sì máa ríran lọ. Ṣùgbọ́n tó bá ti ń kọlu nǹkan, kí wọ́n tètè gbé e wá wò. Tí ojú bá pọ́n, tó wú, tí ajá ń pa ojú kan dé, tí ìpin ń jáde, tàbí tí ọmọlójú kan tóbi ju èkejì lọ, kó má di ọ̀la. Nípa oògùn màmá, ó ní kí wọ́n má dán an wò mọ́, torí bí egbò bá wà lójú ajá, àwọn oògùn ojú èèyàn kan lè jẹ́ kí egbò náà lu ojú já.

Lẹ́yìn náà ló sọ pé yíyọ ni àwọn máa yọ ojú náà, kí ara lè tù ú. Màmá jókòó. Èmi ni wọ́n wò, kì í ṣe dókítà.

"Ojú tó fi ń wo ẹ̀yìn lọ́jọ́ yẹn nìyí, bóyá mo ń bọ̀."

Màmá fi ìborùn nu imú, wọ́n ní kí dókítà máa yọ ọ́.

Ajá náà padà wálé pẹ̀lú ojú kan tí wọ́n rán pa. Kò jẹun ní ọjọ́ tó délé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Àlájà fi màsà bọ ọbẹ̀, wọ́n gbé e ka orí ògiri, màmá sì fi sí i lẹ́nu. Ó jẹ ẹ́. Ìgbà yẹn ni màmá tó sunkún.

Ojú tó kù, màmá ń kán oògùn tí dókítà fún wa sí i láàárọ̀ àti lálẹ́. Síbẹ̀, kí ọyẹ́ mìíràn tó dé, òkùnkùn ti bo òun náà. Màmá ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún àga nínú ilé mọ́. Wọ́n á fi ṣíbí lu abọ́ kí ó lè mọ ibi tí oúnjẹ wà. Wọ́n fi oko káṣú fún ẹlòmíràn dá, torí wọn ò fẹ́ fi ajá náà nìkan sílẹ̀.

Àárọ̀ òjò kan ni wọ́n pè mí, wọ́n ní, "Ó ti lọ." Kí n tó dé, àwọn ọmọ Àlájà ti sin ín sí ẹ̀yìn ilé ìdáná.

Àlájà ní ajá àbúrò àwọn bímọ, pé àwọn lè mú ọ̀kan wá fún màmá.

"Ẹ ṣeun, Àlájà. Ẹ má mú un wá. Èmi náà ti dàgbà. Nígbà tó bá dàgbà tirẹ̀, ta ni yóò gbé e lọ fún dókítà?"

Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká jọ máa lọ sí Lọ́kọ́jà. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní ilé mi ò burú, àmọ́ àwọn ò mọ ibi tí nǹkan wà níbẹ̀.