Kéèkì Ìyàwó Bàbá Káṣíà

Òórùn bọ́tà ni mo fi ń mọ̀ pé ọjọ́ Ẹtì ti dé. Kí n tó gbé báàgì mi kalẹ̀, kí n tó ká aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi, òórùn náà á ti gba gbogbo ọ́fíìsì wa kan, á ti borí eruku sìmẹ́ǹtì tí a ti ń fà símú láti ọjọ́ Ajé. Ilé iṣẹ́ tó ń ta irin àti sìmẹ́ǹtì ni, ní Akówónjo, ní àwọn ọdún tí gbogbo Alimọ̀ṣọ́ ń kọ́lé bí ẹni pé wọ́n ní kí wọ́n parí ẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Èmi ni mò ń tẹ ìwé níbẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé jáde ni, mò ń wọ bàtà gogoro, mo sì gbà tọkàntọkàn pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tí n kò mọ̀.

Bàbá Káṣíà ló máa ń gbé kéèkì wá. Òun ló ń tọ́jú owó ilé iṣẹ́, ọkùnrin gíga kan tó le bí irin tí à ń tà. Kì í rẹ́rìn-ín, kì í bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà. Tí o bá wọlé lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó fún ọ lówó díẹ̀ kí oṣù tó parí, á wò ọ́ láti orí dé ẹsẹ̀, á padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ìwọ náà á sì rọra jáde bí ẹni tó ṣìlé wọ̀. Dírẹ́bà wa, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, máa ń sọ pé kí ọlọ́pàá dá òun dúró lójú títì sàn ju kí òun kan ilẹ̀kùn Bàbá Káṣíà lọ. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọkùnrin yìí kan náà á gbé agolo bisikíìtì ńlá kan sórí tábìlì àárín ọ́fíìsì, á ṣí ìdérí rẹ̀, á ní, "Láti ilé," á sì wọ yàrá rẹ̀ lọ. Ọjọ́ yẹn nìkan ni kì í ti ilẹ̀kùn rẹ̀ tán. Dírẹ́bà ní ó ń ṣọ́ ẹni tó ń jẹun lásìkò iṣẹ́ ni, gbogbo wa sì gbà bẹ́ẹ̀.

Láti ilé yẹn, a mọ ìtumọ̀ rẹ̀: ìyàwó rẹ̀ ni. Ta ni ì bá tún jẹ́? A máa ń jẹ kéèkì náà, a máa ń lá ìka, a sì máa ń káàánú obìnrin tó ní irú ọwọ́ yẹn tó wá lọ fẹ́ irú ojú yẹn. Ìyá Sìtọ́ọ̀, ìyẹn màmá àgbà tó ń tọ́jú yàrá ọjà, á pariwo láti ibi tó jókòó sí pé, "Bàbá Káṣíà, ẹ bá wa kí ìyàwó o. Ọwọ́ wọn ò ní rọ." Bàbá á fèsì láti inú yàrá pé, "Wọ́n á gbọ́." Èmi ní tèmi ti ya àwòrán obìnrin náà sọ́kàn pátápátá. Ó pupa, ó sanra díẹ̀, ohùn rẹ̀ tutù, ó sì máa ń sunkún níkọ̀kọ̀ nítorí pé ọkọ rẹ̀ kò mọyì rẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ ọ̀kankan nínú rẹ̀ fún mi.

Kéèkì ìgbà yẹn kì í ṣe irú ti ìsinsìnyí ṣá o. Ìjọba ti ní kí wọ́n má kó àlìkámà wọlé mọ́, ìyẹ̀fun funfun wá wọ́n bí ojú, búrẹ́dì pàápàá di ohun tí à ń rà nítorí àlejò. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe kéèkì á po ìyẹ̀fun àgbàdo mọ́ ìwọ̀nba funfun tó bá rí. Nítorí náà kéèkì kì í kúnná tán lẹ́nu. Ti Bàbá Káṣíà náà kì í kúnná tán, ṣùgbọ́n ó rọ̀, ó pọ́n, àdùn rẹ̀ kì í sì í tètè kúrò lẹ́nu.

Wàhálà mi bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì kan tí mo jẹ tèmi tán tí mo wá sọ sókè pé, "Kí ló tiẹ̀ le nínú ẹ̀?"

Ìyá Sìtọ́ọ̀ yíjú sí mi. "Sìsí, o mọ̀ ọ́n ṣe ni?"

"Ẹ ṣáà dúró de Ẹtì tó ń bọ̀."

N kò ṣe kéèkì rí láyé mi. Ohun tí mo mọ̀ kò ju pé mo ti rí aládùúgbò wa kan ní Ẹ̀gbẹ́dá tó da yanrìn sínú ìkòkò ńlá lórí sítóòfù, tó gbé agolo kéèkì sórí yanrìn yẹn, tó dé ìkòkò, tó sì kó èédú tó ń jó sórí ìdérí, kí ooru lè máa bọ̀ láti òkè àti ìsàlẹ̀. Bí àwa tí a kò ní ófùnù ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo ní ìkòkò. Ní ti yanrìn, ta ló ń wá yanrìn tì ní Ẹ̀gbẹ́dá? Òkìtì rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà wa, onílé fẹ́ fi kọ́ yàrá kún ilé. Mo bu tèmi níbẹ̀ nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn òjò.

Ẹni tó bá ti gbé yanrìn tútù ka iná rí á ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Nígbà tí ooru mú un, omi inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hó, yanrìn wá ń ta sókè bí àgbàdo tí à ń yan, ó ń bọ́ sínú agolo tí n kò bò. Mo gbọ́ bó ṣe ń ta, mo rò pé kéèkì ló ń wú, inú mi sì dùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó pọ́n, ó tiẹ̀ ga díẹ̀. N kò tọ́ ọ wò, mo fẹ́ kí gbogbo wa jọ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni. Mo gbé e lé itan nínú ọkọ̀ dé Akówónjo, mò ń wo àwọn èrò tó kù bí abiyamọ tó gbé ọmọ tuntun.

Wọ́n jẹ ẹ́. Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, pé wọ́n jẹ ẹ́. Ẹnu wọn ti mọ́ kéèkì tí kò kúnná, oníkálukú kọ́kọ́ rò pé àgbàdo tèmi ni n kò lọ̀ dáadáa. Akọ̀wé àgbà ní, "Ó dùn o," ó sì ń rọra jẹ ẹ́ bí ẹni tó ń wá egungun ẹja. Ìyá Sìtọ́ọ̀ ní eyín ń yọ òun lẹ́nu. Dírẹ́bà ló tú àṣírí. Ó tu ti ẹnu rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbé e lọ sídìí fèrèsé, ó wò ó lọ́tùn-ún lósì, ó ní, "Sìsí, yanrìn rèé. Sìmẹ́ǹtì nìkan ló kù jàre, a sì ní in ní sìtọ́ọ̀."

Bí mo ṣe di Sìsí Oníyanrìn nìyẹn. Kí oṣù tó parí, àwọn oníbàárà tó wá ra irin ti ń pè mí bẹ́ẹ̀. Tí mo bá ń tẹ ìwé lọ́wọ́, dírẹ́bà á yọjú bi mí bóyá kí òun já tírípù yanrìn kan sílé wa. Bàbá Káṣíà nìkan ni kò sọ nǹkan kan. Mo rí i bó ṣe jẹ tirẹ̀ tán, tó gbọn ọwọ́, tó wọlé lọ. Mo rò pé àánú mi ló ṣe é, ìyẹn sì bí mi nínú ju ẹ̀rín dírẹ́bà lọ. Mo búra pé lọ́jọ́ àríyá ìparí ọdún, níwájú gbogbo ilé iṣẹ́, kéèkì tèmi ni wọ́n á jẹ, orúkọ yẹn á sì kúrò lára mi. Bí kò bá kúrò, màá wá iṣẹ́ sí ibòmíràn. Mi ò fi ṣeré o. Mo ti ń gba ẹ̀yìn wọlé láràárọ̀ kí n má baà pàdé ẹnikẹ́ni, mo sì ti ń béèrè iṣẹ́ kiri ní Ìpájà.

Ìyàwó Bàbá Káṣíà nìkan ni mo rò pé ó lè gbà mí. Mo béèrè ilé wọn lọ́wọ́ gáàdì, mo ra ọsàn dání, mo kọrí sí Ìkòtún ní ọ̀sán Sátidé kan. Obìnrin tó ṣílẹ̀kùn fún mi dúdú, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi tépù ìwọnṣọ kọ́rùn, ó sì ti ń rẹ́rìn-ín kó tó mọ ẹni tí mo jẹ́. Iṣẹ́ télọ̀ ló ń ṣe. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ibi tí mo ti ń bọ̀, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀ọ́ kọ́ mi ní kéèkì wọn. Ó wò mí, ẹ̀rín wá gbé e débi pé ó ní láti jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

"Èmi kẹ̀?" ó ní. "Ẹ̀wà tèmi gan-an ń jóná lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọmọ mi, gba ẹ̀yìnkùlé lọ, kó o lọ bá ẹni tó ni kéèkì. Ó ti sú mi kí wọ́n máa kí mi kú iṣẹ́ tí n ò ṣe. Wọ́n ní kí n wá ṣe ti ìgbéyàwó ní ìjọ wa, mo ní apá ń ro mí. Títí dìgbà wo ni apá á fi máa ro mí?"

Mo bá Bàbá Káṣíà lẹ́yìnkùlé. Síńgílẹ́ẹ̀tì ló wà lọ́rùn rẹ̀, ó ró ìró ìyàwó rẹ̀ mọ́ ìdí, ó ki abọ́ sáàárín orúnkún, ó ń fi ọmọrogùn po bọ́tà mọ́ ṣúgà, ó sì ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Bó ṣe rí mi, orin náà dá. A ń wo ara wa. N kò mọ̀ bóyá kí n kúnlẹ̀ ni tàbí kí n sá.

Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Yanrìn ọjọ́ yẹn, o ò yan án kó gbẹ."

"Rárá, sà."

"Fọwọ́ ẹ, wá jókòó."

Ó kọ́ mi ní Sátidé yẹn àtàwọn tó tẹ̀lé e. Ó ní kí n jọ yanrìn, kí n sá a sóòrùn, kí n wá yan án títí kò fi ní ta mọ́, kí n tó gbé ohunkóhun lé e. Ó ní kí n po bọ́tà títí n kò fi ní gbọ́ ìró ṣúgà nídìí ọmọrogùn. Ẹnu tí kì í là ní Akówónjo kì í pa dé ní Ìkòtún. Ó sọ fún mi pé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá òun tó ń ṣe búrẹ́dì ni òun ti dàgbà, pé òórùn iṣẹ́ yẹn kò kúrò lára òun rí. Ìyàwó rẹ̀ á máa gba ẹnu fèrèsé bú u pé ó ń ba àwọn ìró òun jẹ́, òun náà á sì máa fèsì. Èmi tí mo ti ń káàánú obìnrin yìí láti ọdún tó kọjá wá jókòó láàárín wọn, mò ń lá ọmọrogùn.

Lọ́jọ́ kan mo bi í pé kí ló dé tó ń jẹ́ kí wọ́n máa kí ìyàwó rẹ̀. Mo ti dá ara mi lóhùn tẹ́lẹ̀ pé ojú ló ń tì í, pé kò fẹ́ kí àwọn ọkùnrin fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú," ó ní. "Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó dé ọ̀dọ̀ yín, mo gbé e lọ, mo ní èmi ni mo ṣe é. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Wọ́n ń wojú mi, wọ́n ń wo kéèkì, wọ́n ń rò ó pé kí ni káṣíà ń wá lọ́wọ́ àwọn. Mo gbé e padà sílé bó ṣe wà. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ yín, mo ní láti ilé ni. Kí n tó jókòó, ó ti tán." Ó padà sídìí abọ́ rẹ̀. "Iṣẹ́ mi ò jẹ́ kí n lè jẹ́ ọ̀rẹ́ wọn, Sìsí. Kéèkì yẹn ṣáà lè bá wọn ṣọ̀rẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára gidigidi. Mo ṣèlérí fún un pé n kò ní sọ fún ẹnì kankan ní ọ́fíìsì.

Ọjọ́ àríyá pé, ìyàwó Bàbá Káṣíà bá ọkọ rẹ̀ wá, mo sì gbé kéèkì mi kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ bù ú. Dírẹ́bà ló mú tirẹ̀, ó tún gbé e lọ sídìí fèrèsé, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Ó jẹ díẹ̀. Ó dákẹ́, ohun tí a kò rí rí. Ó padà wá mú òmíràn, ni àwọn tó kù bá dìde. Mo ti ń gbé àyà sókè kí Ìyá Sìtọ́ọ̀ tó la ẹnu. "Ẹ ò rí i pé ìyàwó Bàbá Káṣíà mọ èèyàn kọ́ lóòótọ́," ló ní. Gáàdì ti sọ fún gbogbo ayé pé mo béèrè ilé wọn. Ni wọ́n bá yí obìnrin náà ká, wọ́n ń kí i, wọ́n ń ṣàdúrà fún ọwọ́ rẹ̀. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú kéèkì tèmi lẹ́nu, ó ń ṣe "Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun," kò sì lè wo ojú èmi tàbí ti ọkọ rẹ̀. Èmi náà kò lè sọ̀rọ̀. Mo ti ṣèlérí.

Bàbá Káṣíà wá mú tirẹ̀. Ó jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, gbogbo ilé ń wò ó. Ó gbé e mì, ó ní, "Kò sí yanrìn." A kò gbọ́ kí ó ṣàwàdà rí. Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ yẹn, Ìyá Sìtọ́ọ̀ di ògiri mú. Orúkọ yẹn kò kúrò lára mi, wọ́n pè mí ní Oníyanrìn títí mo fi kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn kò dùn mí mọ́, n kò sì lọ béèrè iṣẹ́ ní Ìpájà mọ́.

Ó ti pẹ́. Mo ti di ọ̀gá níbi iṣẹ́ mìíràn, àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ mi kì í sì í fẹ́ kan ilẹ̀kùn mi. N kò mọ ìgbà tó rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé kéèkì lọ bá wọn, wọ́n dúró jìnnà réré sí tábìlì, wọ́n ń wojú mi, wọ́n ní, "Ẹ ṣé, mà," ọwọ́ ẹnì kankan kò sì kàn án. Ó kù díẹ̀ kí n gbé e padà sílé. Mo wá gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ pé ọkọ mi ló ṣe é. Títí di òní ni wọ́n ń kí ọkọ mi, ẹni tí kò mọ ibi tí à ń gbé iyọ̀ sí nínú ilé ìdáná.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá mo ṣí agolo fún wọn, mo wọ yàrá mi. Mo fẹ́ ti ilẹ̀kùn, ọwọ́ mi kọ̀, mo ṣí i sílẹ̀ díẹ̀ kí n lè máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jà sí èyí tó ṣẹ́kù, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni mo dúró sí tí mo fi rántí ilẹ̀kùn Bàbá Káṣíà ní Akówónjo, èyí tí a rò pé ó fi ń ṣọ́ wa.