Ẹran-Ara Chakirou Tó Padà Wálé

Bí mo bá ní ọkùnrin kan sanra ju ilẹ̀kùn lọ, ẹ óò ní irọ́ ni. Chakirou, ará àgbàlá wa ní Treichville, sanra ju ilẹ̀kùn méjì lọ. Kireni tó ń já ẹrù ọkọ̀ òkun ní pọ́ọ̀tù ló ń wà, àmọ́ nígbà tó di 1973, yàrá kékeré orí kireni ò gbà á mọ́. Ó wọkọ̀ lọ sí Marseille lókè òkun, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n ké ìfun rẹ̀ kúrú kí oúnjẹ má baà ríbi pẹ́ sí. Ìgbà tó padà dé, ó ti tín-ín-rín débi pé Raliatou ìyàwó rẹ̀ bi í pé, "Ta lẹ ń wá?"

Ọdún kan lẹ́yìn náà, ẹran-ara bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé. Ọ̀gá rẹ̀ ní bó bá tún há sẹ́nu ilẹ̀kùn kireni, kó lọ máa ṣọ́ géètì.

Kí ló ń jẹ tó fi ń sanra? Gbogbo àgbàlá fẹ́ mọ̀. Ọkùnrin yìí ò fọwọ́ kan iyán, kò wojú attiéké tí wọ́n ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe. Àwọn kan ní bóyá ìfun rẹ̀ tó kù sí Marseille ló ń jẹun ránṣẹ́ sí i.

Raliatou mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà kan ní Plateau. Mo tẹ̀ lé wọn. Ta ló máa jókòó sílé?

Dókítà bi í lóhun tó ń jẹ.

"Docteur, je ne mange pas!" Ó búra pé òun kì í jẹun.

Raliatou ní, "Bàbá Fatimata, kí lẹ ṣe láàárọ̀ yìí?"

"Mo mu ẹ̀kọ."

"Lọ́sàn-án àná ńkọ́?"

"Mo mu gààrí. Pẹ̀lú ṣúgà, àti mílíìkì inú agolo."

"Lálẹ́?"

"Mo mu ọsàn."

"Ọsàn wo?"

"Èyí tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kí ló dé? Ta lẹ rí tó ń jẹ ọsàn? Mímu ni!"

Háà! Èdè Yorùbá ló ń mú ọkùnrin yìí sanra.

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún dókítà. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó wá ní ìfun ò gbọ́ Yorùbá: ohunkóhun tó bá ti kọjá ọ̀nà ọ̀fun, oúnjẹ ni.

Bá a ṣe délé, Chakirou nawọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó wọ́ apẹ̀rẹ̀ ọsàn jáde, ó pín in fún gbogbo àgbàlá, ó wá dúró ń wo ẹnu wa bá a ṣe ń mu ún.

Lọ́jọ́ Ajé, mo bá a dé pọ́ọ̀tù. Ó gun kireni, ó fa ikùn wọlé, ó fẹ̀gbẹ́ wọ yàrá náà. Bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ já bọ́ sínú òkun, ilẹ̀kùn sì pa dé.

Mo kígbe láti ìsàlẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ń mí?"

"Ó di ìrọ̀lẹ́ kí n tó mí!"